Ara Tí A Yá Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

 

Ní ọdún tí ó kọjá, inú rírun gbé mi dé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ní ọjọ́ kejì, dókítà àgbà dé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, ó sì bi mí bóyá mo lè jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Inú bí mi. Mo ní ṣé ara mi wá di síléètì tí ọmọdé ń kọ nǹkan sí, tí ó sì ń pa á rẹ́ ni?

Ìyá àgbà kan láti Eko Ende ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ó kángun sí tèmi. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, ta ni ìwọ fi kọ́ iṣẹ́ tìrẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni a fi kọ́ iṣẹ́. Wọ́n rán wa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ń bà wá, ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìṣirò tí mo kọ́kọ́ kọ sójú pátákó, àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà fara dà á fún mi; lónìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn olùkọ́. Mo gbà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni ó kọ́kọ́ sún mọ́ mi. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ kí ó lè móoru, ó bèèrè ibi tí ó ń dùn mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dùn mí. Bí ó ti ń tẹ ikùn mi, ojú mi ni ó ń wò. Ó ní kí n mí sínú dáadáa, ó sì ti ọwọ́ sí abẹ́ egungun ìhà mi lápá ọ̀tún, níbi tí ẹ̀dọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ bí ènìyàn bá mí sínú. Ní ìgbà kìíní, kò bá a. Ní ìgbà kejì, ojú rẹ̀ tàn.

Ìwé nìkan kò lè kọ́ni ní èyí. Ẹni tí kò mọ bí ara tí ó le ti rí lábẹ́ ọwọ́, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí àìsàn ń bá jà?

Ní 1948 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣáájú lọ láti parí ẹ̀kọ́ wọn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ọdún 1957 ni UCH tó ṣí ní Ìbàdàn. Ara àwọn aláìsàn ìlú òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n wá fi wo àwọn bàbá wa. Ní Amẹ́ríkà ní 1963, Dókítà Howard Barrows kọ́ obìnrin kan tí ara rẹ̀ le láti ṣe bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lónìí, àwọn tí kò ṣàìsàn rárá ń yọ̀ǹda ara wọn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda ni mo wí, n kò wí ipá. Ara yín, tiyín ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́wọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kí ó tọrọ àyè, kí ó fi aṣọ bo àṣírí yín. Obìnrin lè ní kí obìnrin mìíràn dúró ti òun. Ẹni tí ìrora pọ̀ fún lè sọ pé rárá, kò sì yẹ kí ìtọ́jú rẹ̀ dín kù nítorí rẹ̀.

Òṣogbo kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà níbẹ̀. Bí ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bá bẹ̀ yín níbẹ̀, ẹ rántí pé ọwọ́ náà ni ó lè gbẹ̀bí ọmọ-ọmọ yín lọ́la. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.