Ẹ Má Wí Pé Ẹ Rí Ọmọ Náà Bí Ẹ Kò Bá Rí I
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ilé-Ogbó)

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ẹ ń retí lónìí. Kò ní pẹ́ dé, akọ̀wé yóò ka ìwé rẹ̀ bí a bá ti sọ tiwa tán. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ wa tọrọ àyè díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé àdéhùn àwa àti àwọn agbanisíṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gan-an ni a wà nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni.

Ìlú wa nìyí, a mọ bí a ti ń ṣe. Bóyá ni a fi lè rí agbo ilé kan níhìn-ín, tàbí ní Ìwó tó wà nítòsí wa, tí kò ní ọmọ kan tí ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ obìnrin kan tí a kàn mọ̀ ní ìlú ńlá. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí pàápàá, púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ẹlòmíràn ló tọ́ wa. Àwọn kan jẹun, wọ́n lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ iṣẹ́. Àwọn kan jẹ ìyà tí wọn kò tíì lè sọ di òní. Nítorí náà a kò wá síhìn-ín láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ọmọ tọ́ mọ́. Ìbéèrè tiwa ni pé: nígbà tí ọmọ bá ti wọkọ̀ lọ, ta ni ń mú ìròyìn rẹ̀ bọ̀ wálé?

Dírẹ́bà ni. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ni. Ìyá ọmọ yóò dúró ní gáréèjì láti àárọ̀ kùtù, yóò gbé gààrí àti elùbọ́ fún wa, yóò ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú kan ọmọ mi." A óò ní ó ti parí. Bí a bá padà dé, yóò tún wà níbẹ̀. "Ṣé ẹ rí i?" "A rí i. Ara rẹ̀ le. Ó ní kí a kí yín." Ìyá náà yóò fi ìdùnnú lọ sílé.

Ẹ̀yin ará, ìgbà mélòó ni a rí i ní tòótọ́?

Ọ̀kan nínú wa, tí ó jókòó síhìn-ín báyìí, ní kí a sọ tòun, kí a má ṣáà dárúkọ òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé ẹrù lọ fún ọmọbìnrin kan ní ìlú ńlá. Ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ọmọ tí ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá olówó náà ló gba ẹrù, nítorí pé ojú ọ̀nà ti dí, èrò sì ń pariwo nínú ọkọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sọ fún ìyá ọmọ pé òun rí i. Nígbà tí ìyá náà tọrọ owó ọkọ̀ tí ó lọ fúnra rẹ̀, wọ́n ní ọmọ náà ti kúrò nílé àwọn láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn. Àwọn ti fi í fún ẹlòmíràn. Ọpẹ́ ni pé wọ́n rí i láàyè, ní ilé kejì yẹn. Kò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Omi gbígbóná ti bó o lọ́wọ́ òsì, ojú ọgbẹ́ náà sì ti jinná láìtọ́, ìka méjì kò ṣeé nà mọ́. Ọ̀rẹ́ wa ní ohun tí ń dun òun jù kì í ṣe pé òun kò rí ọmọ náà. Bí òun bá sọ nígbà àkọ́kọ́ pé òun kò rí i, ìyá rẹ̀ ìbá ti wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ wa wò ó. Bí wọ́n bá kó ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ǹtì fún wa, tí wébíìlì sọ ọgọ́rùn-ún, ẹni tí yóò gbà á yóò kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Kò ní fọwọ́ síwèé nítorí pé a rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ẹ kì í kọ sínú ìwé ẹ̀rọ pé ẹ fi òróró sí i nígbà tí ẹ kò fi sí i, nítorí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́ ènìyàn, ìwé yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè. Àpò sìmẹ́ǹtì ní ìwé. Ọmọ ènìyàn kò ní.

Àwọn ìlú òkè òkun ní ìwé, wọ́n ní òfin, wọ́n sì ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ wẹ́fíà láti máa lọ wo ọmọ àgbàtọ́. Síbẹ̀ ohun tí ó ṣe ọ̀rẹ́ wa ṣe àwọn náà, èyí tiwọn sì burú ju èyí lọ.

Ní Flórídà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní ọdún 1996, wọ́n sọ ọ́ ní Rilya Wilson. Lẹ́tà márùn-ún orúkọ náà dúró fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó rántí pé ìyá òun fẹ́ràn òun títí láé. Ìyá ọ̀hún kò ní ilé lórí, oògùn olóró sì ti dè é mọ́lẹ̀. Ìjọba gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2000 ọmọ náà bọ́ sílé obìnrin kan tí ń jẹ́ Geralyn Graham ní agbègbè Miami. Ìlànà ni pé kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sínú fáìlì.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ọmọ náà di àwátì. Oṣù Kẹrin ọdún 2002 ni ọ́fíìsì ìjọba tó mọ̀. Ẹ kà á lórí ìka yín, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé ń sọ pé wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ wò, pé àlàáfíà ni ó wà. Òṣìṣẹ́ tí ó yẹ kí ó lọ kò lọ. Ọ̀gá tí ó yẹ kí ó yẹ ìwé wò kò bèèrè. Nígbà tí wọ́n wá kanlẹ̀kùn, Graham ní òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ti wá gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò tí kò dá a padà mọ́. Ìwé wọn ti di irọ́, nítorí náà kò sí ojú ewé kan tí wọ́n lè ṣí síwájú rẹ̀ kí wọ́n ní, "O purọ́, a rí ọmọ lọ́jọ́ báyìí."

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba náà fi ipò sílẹ̀ lọ́dún 2002. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ dá Graham lẹ́bi ìjínigbé àti ìfìyàjẹ ọmọ, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 55. Ọ̀ràn ìpànìyàn ni àwọn adájọ́ ará ìlú kò lè fẹnu kò lé lórí. Wọn kò rí òkú ọmọ náà. Flórídà sọ irọ́ kíkọ sínú fáìlì ọmọ di ọ̀ràn tí ènìyàn lè bá dé ẹ̀wọ̀n. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ máa rí ọmọ àgbàtọ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kí púpọ̀ nínú àbẹ̀wò náà sì jẹ́ ní ilé tí ọmọ ń gbé gan-an. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà.

Ìtàn kejì sún mọ́ wa jù, nítorí ọmọ ilẹ̀ Aláwọ̀ Dúdú ni, bí àwa náà sì ti ń fi ọmọ ránṣẹ́ ni wọ́n ṣe fi í ránṣẹ́. Victoria Climbié ni orúkọ rẹ̀, ará Abobo ní Abidjan, ní Ivory Coast. Ní ọdún 1998, ẹbí bàbá rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Kouao wá sílé, ó ní òun yóò mú un lọ sí òkè òkun lọ kàwé. Inú àwọn òbí dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn nínú wa? Ó mú un gba Faransé kọjá, wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1999 pẹ̀lú ìwé ìrìnnà ọmọ mìíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000, ọmọ náà kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn dókítà ka àpá àti ọgbẹ́ 128 sí i lára. Wọ́n ti ń fi í sùn nínú balùwẹ̀ nígbà òtútù.

Wẹ́fíà mọ̀ ọ́n o. Ilé ìwòsàn mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá mọ̀ ọ́n. Lord Laming, tí ìjọba ní kí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní 2003, ó sì ní ìgbà méjìlá ni ààyè ṣí sílẹ̀ tí wọn ìbá fi gbà á là. Ọjọ́ 211 ni fáìlì rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan ní Haringey. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òṣìṣẹ́ náà rí ọmọ, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ó bá ń lọ sílé wọn, wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti tún ilé ṣe. Kò bá ọmọ sọ̀rọ̀ kan tí ó nítumọ̀. Ọmọ a máa dúró gbọnrangandan bí ọmọ ogun níwájú Kouao, òṣìṣẹ́ náà sì rò pé ọ̀wọ̀ ni, pé bí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ẹ gbọ́ bí! Àwa tí a mọ ọ̀wọ̀, a mọ̀ pé ọmọ tí ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn kì í gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé Laming tí ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ìlànà ọ́fíìsì yẹn ní kí òṣìṣẹ́ kan má ní ju fáìlì méjìlá lọ. Mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n di ẹrù lé e lórí ni Laming bá wí jù, ó ní wọ́n wà nípò, wọn kò sì mọ ohun tí ń lọ nísàlẹ̀. A fara mọ́ ọn. Dírẹ́bà tí wọ́n ní kí ó sáré ìrìn méjì lójúmọ́ kò ní ráyè wá ilé ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí èyí gbè lẹ́yìn ẹni tí ó bá fọwọ́ sí irọ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ jù, òun kò lọ. Ìwé tí ó sọ pé "n kò lọ" ni ẹgbẹ́ lè gbé síwájú ọ̀gá láti fi jà. Irọ́ kì í ràn wá lọ́wọ́ nínú ìjà owó oṣù, kò sì ní ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní nǹkan bí 1960 sí 1980, òfin òde òní ni pé bí ọmọ tí kò tó ọdún 16 yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò máa lọ wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọdún kìíní, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjìlá méjìlá. Yóò bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀, yóò sì kọ̀wé. Àwa náà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi ránṣẹ́ láti gáréèjì kò sí nínú fáìlì ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ wa ṣe ra ìwé kan. Ìwé ńlá ni, owó rẹ̀ kò pọ̀, akápò mọ̀ nípa rẹ̀. Òbí tí ó bá fẹ́ kí a máa bá òun wo ọmọ, orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, ilé tí ó wà àti orúkọ ẹni tí ó gbà á yóò wọ inú rẹ̀. Dírẹ́bà tí ó bá lọ yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí. Ẹni tí ó rí ni yóò kọ, kì í ṣe ẹni tí wọ́n sọ fún. Bí ó bá gbọ́ ohùn ọmọ lórí fóònù nìkan, kí ó kọ "mo gbọ́ ohùn". Gbígbọ́ ohùn kì í ṣe rírí. Kí ó wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ. Kí ó bèèrè orúkọ tíṣà rẹ̀, nítorí ọmọ tí ń lọ sílé ẹ̀kọ́ kì í ronú kí ó tó dárúkọ tíṣà. Kí ó sì gbìyànjú kí ọmọ sìn ín dé ìdí ọkọ̀ láìsí àgbà kankan, kí ó tó bi í pé ṣé ó ń jẹun. Kí ó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí a bá kọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àròsọ ló ń dà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ohun tí ó ti kọ rẹ́. Bí ó bá ṣì í kọ, kí ó fa ìlà kan gba orí rẹ̀ kí a ṣì lè kà á, kí ó kọ èyí tí ó tọ́ sísàlẹ̀.

Àwọn kan ti ní àwa kì í ṣe ọlọ́pàá, pé ìyá olówó lè bínú kí ó má fún wa lẹ́rù mọ́. Òótọ́ ni, a lè pàdánù ẹrù. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fipá gbé ọmọ kúrò nílé ẹlòmíràn, nítorí wọn yóò pè é ní gbọ́mọgbọ́mọ, yóò sì ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ̀rù fi bà yín, ẹ pe akọ̀wé kí ẹ tó kúrò nílùú náà. Ìgbìmọ̀ yóò mú òbí dání lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba, pẹ̀lú ìwé wa lọ́wọ́.

Ìwé ọ̀hún wà lórí tábìlì akọ̀wé níwájú yín yìí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọ̀rẹ́ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí ọmọ mìíràn: "Mo débẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ó lọ sọ́jà. N kò rí i. Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń padà lọ ní Ọjọ́bọ̀."

Akọ̀wé, ẹ bọ́ síwájú, ó ku ọ̀rọ̀ owó oṣù.