Ẹbí Ọ̀pọ̀lọ́ Aláìláhọ́n: Ìpínsísọ̀rí àti Ìran Wọn

Kí ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀dá méjì jẹ́ ọmọ ẹbí kan náà? Ṣé ìrísí wọn ni, ṣé ibùgbé wọn ni, àbí orísun tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá? Ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ ìpínsísọ̀rí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ̀dá tí ìdáhùn rẹ̀ hàn gbangba lára rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé. Ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ń pín ọ̀pọ̀lọ́ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ le, tí ó ń bẹ́ kiri inú àgbàlá, ni ọ̀pọ̀lọ́ gan-an. Èyí tí ara rẹ̀ ń dán, tí ó sì ń fò jìnnà, ni àkèré. Kọ̀ǹkọ̀ ni àgbà wọn tí àwọn ènìyàn ń pa jẹ. Ìpínsísọ̀rí tòótọ́ ni èyí, ó sì wúlò fún ẹni tí ó ń wá ohun ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí àti ìlò tí ènìyàn ń lo ẹ̀dá náà ni a fi gbé e kalẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀dá ń wá ohun mìíràn: ta ni ó bí ta? Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ náà dà bí ìgbà tí àgbàlagbà Èkìtì bá ń tú ìtàn ìdílé. Ẹ̀yà ni ó kéré jù. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí wà nínú agboolé kan. Àwọn agboolé tí orísun wọn jẹ́ ọ̀kan ni ó sì para pọ̀ di ẹbí.

Ẹbí tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Pipidae. John Edward Gray, onímọ̀ ẹranko ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìdí ẹbí náà múlẹ̀ ní 1825. Agboolé mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ń gbé Áfíríkà: Xenopus, Hymenochirus àti Pseudhymenochirus. Ẹ̀kẹrin, Pipa, ń gbé òdìkejì òkun, ní Gúúsù Amẹ́ríkà àti Panama. Gbogbo wọn ni kò ní ahọ́n, inú omi ni wọ́n sì ti ń lo ìgbésí ayé wọn. Xenopus kò ní ìpéǹpéjú tí ó lè pa dé. Ọwọ́ ni ó fi ń ti oúnjẹ sẹ́nu. Èékánná dúdú wà ní ọmọ-ìka mẹ́ta lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilà wẹ́wẹ́ kan sì wà lára rẹ̀, bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ tí a rán. Àwọn ni ó fi ń mọ̀ bí omi bá mì, gẹ́gẹ́ bí ẹja ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Níbi yìí ni ó ti yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ẹ̀dá tí ó bá sì pẹ́ nínú omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ẹ̀dá omi yòókù. Ìjọra tí ibùgbé fà yàtọ̀ sí ìjọra tí ìran fà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé Pipa ti Amẹ́ríkà àti Xenopus ti Áfíríkà jẹ́ ìbátan gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pínyà. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ kò gba omi iyọ̀. Kò lè wẹ òkun já. Ìtàn ilẹ̀ ni ó ní ìdáhùn. Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti jẹ́ ilẹ̀ kan rí, kí òkun Àtìláńtíìkì tó là wọ́n láàárín ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 100 sẹ́yìn. Egungun ọ̀kan nínú ìbátan àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wọ̀nyí, Pachycentrata, tí ó ti di òkúta, ni a rí ní In Beceten ní orílẹ̀-èdè Niger. Láti ayé àwọn dáínásọ̀ ni ó ti wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà kò rìn lọ sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tí wọ́n wà lórí rẹ̀ ni ó gbé wọn lọ.

Orúkọ pàápàá ń yí padà bí ẹ̀rí bá ṣe ń yí padà. Ní 1864, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, Gray yìí kan náà ṣe àpèjúwe ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n kó láti Èkó, ó sì pè é ní Silurana tropicalis. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ kó o wọ agboolé Xenopus. Ní 1988, David Cannatella àti Linda Trueb yẹ egungun wọn wò, wọ́n rí i pé ó jọ pé ọ̀pọ̀lọ́ Èkó yìí sún mọ́ Pipa àti Hymenochirus ju Xenopus yòókù lọ, wọ́n sì dá orúkọ Silurana padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìran tí ó wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá, a rí i pé Xenopus ni ọmọ ìyá rẹ̀. Lónìí, Xenopus tropicalis ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀dá náà kò yí padà láàárín gbogbo àkókò yìí. Ìmọ̀ nípa ìran rẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i.

Ohun tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìtàn ẹbí yìí ni pé ìran lè pàdé lẹ́yìn tí ó ti pínyà. Ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń ya ìran ẹ̀dá bí igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ń ya, tí kò sì tún so pọ̀ mọ́. Xenopus kò bá àwòrán yẹn mu tán. Ogún kúrómósómù ni Xenopus tropicalis ní. Xenopus laevis ti gúúsù Áfíríkà ní 36. Ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi ìdí rẹ̀ hàn: ìran méjì tí ó ti pínyà ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 34 sẹ́yìn ni ó tún pàdé ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 17 sí 18 sẹ́yìn, tí wọ́n sì bí ọmọ àdàlù. Ọmọ àdàlù sábà máa ń yàgàn, nítorí pé kúrómósómù tí ó ti ọ̀dọ̀ baba wá kò rí ẹnì kejì rẹ̀ láàárín ti ìyá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo kúrómósómù náà bá di ìlọ́po méjì, olúkúlùkù yóò rí èkejì tirẹ̀, ọmọ náà yóò sì bímọ. Báyìí ni ẹ̀yà tuntun ṣe dé.

Ẹni tí ó bá ti dé Ìkógòsì yóò tètè lóye èyí. Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, wọ́n di odò kan. Síbẹ̀, ní ojú ìpàdé náà, ọwọ́ lè mọ èyí tí ó gbóná yàtọ̀ sí èyí tí ó tutù. Bákan náà ni onímọ̀ ṣe lè ya kúrómósómù ìran méjèèjì sọ́tọ̀ lára Xenopus laevis títí di òní. Ìlọ́po náà kò sì dúró síbẹ̀. Xenopus epitropicalis, tí Michail Fischberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1982, ní 40. Xenopus longipes, tí kò sí níbòmíràn ju adágún Oku ní Kamẹrúùnù, ní 108.

Láàárín gbogbo agboolé náà, ọ̀pọ̀lọ́ Èkó nìkan ni a mọ̀ tí kò ní ìlọ́po yìí. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe yàn án nígbà tí wọ́n fẹ́ ka gbogbo DNA ẹ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ náà jáde ní 2010. Lẹ́tà bíi bílíọ̀nù 1.7 ni ó wà nínú rẹ̀, jíìnì rẹ̀ sì lé ní 20,000. Inú ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ tí a kó láti Nàìjíríà, tí a sì sìn ní ilé ìwádìí ní òkè òkun, ni èyí tí wọ́n lò ti wá. Púpọ̀ nínú jíìnì náà ni ó ní irú rẹ̀ lára ènìyàn, èyí sì ń ran ìwádìí àrùn lọ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ọ̀pọ̀lọ́ ni ó bí ènìyàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ní baba ńlá kan náà ní ayé àtijọ́ gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà wá kan ilé ẹ̀kọ́ ní Adó-Èkìtì àti àyíká rẹ̀. Ẹ̀dá tí orúkọ rẹ̀ ti Èkó jáde, tí DNA rẹ̀ sì ti Nàìjíríà jáde, ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ẹ̀yà inú igbó ni Xenopus tropicalis. Xenopus fischbergi, tí a fún ní orúkọ ní 2015 ní ìrántí Fischberg, jẹ́ ti ọ̀dàn. Ilẹ̀ Èkìtì sì wà ní ibi tí igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí fún kíláàsì tí ó bá lè lọ sí etí odò Ùrèjé tàbí sí àbàtà ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ ibi àti ọjọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sínú omi.

Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ falẹ̀. Ẹ̀dá tí ó ń fi awọ mí nínú omi kò lè sá fún ohun tí a bá dà sínú omi náà. Ẹni tí ó fi oògùn apakòkòrò pẹja, àti ẹni tí ó sọ odò di ààtàn, ń pa ìtàn tí ó ti wà láti ìgbà tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ṣì jẹ́ ilẹ̀ kan. Ìbéèrè tí ó kù fún ìjíròrò ni èyí: bí ìpínsísọ̀rí bá jẹ́ ìtàn ìdílé àwọn ẹ̀dá, ta ni yóò sọ ti àwọn tí ń gbé inú odò Èkìtì, bí kò ṣe àwọn ọmọ tí ń pọn nínú omi náà?