Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ̀ Nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pẹ̀ tí ọ̀ta ń pa láyò nígbà gbogbo kì í pẹ́ dìde nídìí ọpọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ti EVE Online, eré tí ilé-iṣẹ́ CCP ní ilẹ̀ Iceland gbé jáde ní 2003. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni agbára eléré ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wọlé tipẹ́ ti jìnnà sí àlejò. Ọkọ̀ tí ọ̀tá bá sì fọ́, ó lọ nìyẹn. Ní 2016, wọ́n gbà kí ènìyàn máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò sọ ọ̀pẹ̀ di ọ̀ta. Olùkọ́ ló ń dá àlejò dúró. Ìdí nìyí tí àwọn eléré kan fi dá EVE University sílẹ̀ ní 2004. Ọ̀ta tí kò bá kọ́ ọ̀pẹ̀, òun nìkan ni yóò ku nídìí ọpọ́n.