Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Ẹ̀yin Tẹ́ ẹ Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Láti Òkè Àgídímọ̀

 

Ẹ̀gbọ́n yín kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìkẹ́rẹ́ tó múlé gbe wa ni wọ́n ti bí Níyì Ọ̀ṣúndáre lọ́dún 1947. Bàbá rẹ̀ ń dáko, ìyá rẹ̀ ń hunṣọ. Ó kàwé ní Amóyè Grammar School, ó sì wá sí Christ's School wa yìí lórí Òkè Àgídímọ̀. Ìbàdàn ló gbà dé Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Toronto lọ́dún 1979.

Ẹni tó kàwé tó yẹn ì bá máa kéwì tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan yóò máa lóye. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1983, ọjà ló fi sọ ọ́ lórúkọ: Songs of the Marketplace. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì sínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune, kí ẹni tó ra ìwé ìròyìn nítorí ọ̀rọ̀ ìlú lè bá ewì pàdé níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́, àmọ́ orin Èkìtì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òkúta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tí ẹ ti rí títí tí kò fi jọ yín lójú mọ́, wà nínú ìwé ewì rẹ̀, The Eye of the Earth. Ìwé yẹn ló gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth lọ́dún 1986.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina bá a ní New Orleans, níbi tó ti ń kọ́ni. Omi lé òun àti ìyàwó rẹ̀ sókè àjà, wọ́n sì lò ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹni yọ wọ́n. Gbogbo ìwé rẹ̀ ló bómi lọ, títí kan èyí tó ń kọ lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò. Síbẹ̀, nígbà tó kọ City Without People lọ́dún 2011, kì í ṣe àdánù tirẹ̀ nìkan; ìlú tó sọ àwọn ènìyàn rẹ̀ nù ló gbé sórí ìwé.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bíi tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa di dókítà, ẹ ṣàlàyé àìsàn fún ìyá arúgbó tó ti Ìjàn wá kó yé e. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò ọ̀la, ẹ má fi òfin dẹ́rù ba àgbẹ̀. Owó oko àti owó ọjà ló rán yín níwèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ kọjá àwọn tó san án.