Etí Ríro Àgbàlagbà: Nígbà Tí Ìrora Bá Dá

Ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ọ̀rọ̀ etí ni a mú wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Etí ríro àgbàlagbà tí ó ní àtọ̀gbẹ yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Kòkòrò kan tí ó fẹ́ràn omi, tí àwọn dókítà ń pè ní Pseudomonas, lè gba ojú egbò tí ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná dá sínú etí wọlé, kí ó sì jẹ ẹ́ dé egungun ìsàlẹ̀ agbárí. Ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn lóru. Bí ó bá kan iṣan ojú, ẹnu a wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ará ilé a sì máa wá ẹni tí ó ṣe é. Ní 1968, dókítà Chandler ní Amẹ́ríkà pè é ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe jẹjẹrẹ, nítorí bí ó ṣe ń pa ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Oògùn rẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kan ládùúgbò wa dáwọ́ oògùn dúró nígbà tí ó rí oorun sùn. Kò pé oṣù méjì tí ẹnu rẹ̀ fi wọ́. Iná wà lábẹ́ eérú. Ohun tí ó lè fi irú iná bẹ́ẹ̀ hàn ni àwòrán ìtànṣán: wọn a fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn tí ó ní ìtànṣán díẹ̀, ẹ̀rọ a sì wo ibi tí ó kó jọ sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní technetium tètè ń fi hàn pé àrùn ti wọ egungun, ṣùgbọ́n ó lè máa tàn níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìwòsàn, nítorí egungun ṣì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Gallium ni ó máa ń rọlẹ̀ bí àrùn bá ti ń kú, òun ni ọ̀pọ̀ dókítà sì fi ń mọ ìgbà tí oògùn tó.

Ẹnìkan yóò ní ṣebí ẹ̀rọ átọ́míìkì wà ní ABU ní Samaru láti 2004. Ó wà, ṣùgbọ́n ti ìwádìí ni, kì í ṣe ti aláìsàn. UCH Ìbàdàn àti National Hospital Abuja ni wọ́n ti dá ẹ̀ka iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Agbára technetium sì ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6 6, kò ṣe é kó pamọ́ bíi panadol. Ẹni tí kò lè dé ibẹ̀, dókítà lè fi CT àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, bí etí bá ro yín ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ má da òróró sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ABU ní Shika, tàbí ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ ní Kaduna. Ẹni tí ọ̀nà bá ṣòro fún, kí ó rí wa lẹ́yìn ìpàdé. A ó bá a lọ.