Orúkọ Yorùbá àti Àwọn Irinṣẹ́ Kéékèèké inú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n ní kí àwa nọ́ọ̀sì wá sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, a máa ń béèrè orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí a tó fún un ní oògùn. Bí orúkọ bá dàrú nínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan lè fara gbá a.

Ẹgbẹ́ wa ní ìwé orúkọ àwọn àgbàlagbà tí a ń pè lórí fóònù nígbà òtútù. Nígbà kan, a wá màmá kan nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ Ọ tí àmì ìsàlẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Ẹni tí ń wá a tẹ O lásán, ó sì fi àmì sí i lẹ́yìn. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Màmá yìí ń dá gbé inú ilé gíga kan ní Thamesmead. Bí kì í bá ṣe pé a mọ̀ ọ́n lójú, ẹnikẹ́ni kì bá tí pè é lọ́sẹ̀ náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ni ó yanjú rẹ̀, kò sì ra nǹkan kan. Irinṣẹ́ Unix ni ó lò, àwọn tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ láti pàṣẹ fún: grep ń wá ọ̀rọ̀, sort ń tò ó, awk ń yọ ohun tí a bá fẹ́. Ìlà díẹ̀ ni ó kọ, tí ó sọ gbogbo orúkọ di ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo kí grep tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1977 ni Alfred Aho, Peter Weinberger àti Brian Kernighan ṣe awk ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, lẹ́tà kan, báìtì kan ni. Ta ni ìbá ro ti Ọ tiwa? Ní September 1992 ni Ken Thompson àti Rob Pike gbé UTF-8 kalẹ̀, ọ̀nà tí gbogbo èdè ayé fi lè jọ wà nínú fáìlì kan. Nínú rẹ̀, báìtì 3 ni ọ, báìtì 2 sì ni á. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí awk ti Kernighan ka lẹ́tà inú “ọlá”, 6 ni ó máa ń wí tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ o: ní 2022 ni Kernighan fúnra rẹ̀, tí a bí ní 1942, jókòó tún un ṣe. Ẹni 80 ọdún! Awk rẹ̀ ti ń ka “ọlá” sí 3 báyìí. Síbẹ̀ ẹ́ ṣì ń jẹ́ 2, nítorí pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí. Iṣẹ́ ṣì wà fún àwọn ọmọ wa níbẹ̀.

Ọ̀nà àtúnṣe náà kò jìnnà sí ti wọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ rí àìsàn náà: kọ fáìlì tí ó kéré jù lọ tí àṣìṣe náà yóò hàn nínú rẹ̀. Yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Lẹ́yìn náà, tún gbogbo ìdánwò àtijọ́ ṣe, kí oògùn ẹsẹ̀ má baà ba inú jẹ́. Kí a sì ṣọ́ra bí a bá ń fi nǹkan tuntun kún un. Ohun kan tí wọ́n fi kún bash ní 1989 ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. September 2014 ni Stéphane Chazelas tó rí i. Ọdún 25! Ní tiwa, ohun tí ó wu wá nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí ni pé wọ́n kéré. Bruce Perens ṣe BusyBox ní 1995 kí irinṣẹ́ púpọ̀ lè gba inú díìsìkì pẹlẹbẹ kan.

Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé, kí ó má dà á nù, kí ó gbé e wá fún àwọn ọmọ. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí a lè fi dán iṣẹ́ wọn wò.