Kí Fáìlì Yá, Kí Ó sì Pé: Ọ̀rọ̀ fún Òsì àti Ìlọ́fà



Ọ̀rọ̀ mi kan gbogbo ẹni tó ń fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Òsì fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́. Nọ́ọ̀sì ní Ìlọ́fà fẹ́ fi àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Ohun méjì ni wọ́n ń fẹ́: kí ó tètè dé, kí ó sì dé ní pípé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá di ọ̀kan mú, àfi kó jọ̀wọ́ èkejì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Pípé fáìlì kò ṣeé dúnàádúrà. Ìyára ni a lè wá ọgbọ́n sí.

Fáìlì kì í rìn lódidi. Kọ̀ǹpútà á gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju 1,500 báìtì lọ. Èyí tó kọ́kọ́ kúrò nílé lè dé kẹ́yìn, òmíràn sì lè sọnù lọ́nà. Lọ́dún 1974, Vint Cerf àti Robert Kahn gbé ìpìlẹ̀ òfin tí a mọ̀ sí TCP lónìí jáde. Òfin náà ní kí ẹni tó ń gbà máa dáhùn pé, "Ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́." Ègé tí kò bá ní ìdáhùn, a ó tún un rán. UDP, òfin mìíràn tó jáde lọ́dún 1980, kì í dúró gbọ́ èsì ní tirẹ̀. Ó dára fún ìpè fídíò, torí ohùn tó bá pẹ́ jù kó tó dé kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àjẹsára tí orúkọ ọmọ mẹ́ta ti já bọ́ nínú rẹ̀, ewu ni.

Ṣé ìdáhùn yìí ló wá ń fa ìfàsẹ́yìn? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní fáìlì báìtì mílíọ̀nù 20 ń lọ láti Òsì sí Lọ́ńdọ̀nù, tí àlọ àti àbọ̀ ègé kan sì ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá rán ègé kan tó gbé 1,460 báìtì, tí a dúró de èsì kí a tó rán òmíràn, iṣẹ́ náà á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 23. Bí a bá rán ègé 40 pọ̀ kí a tó máa retí èsì, tí ọ̀nà sì gbà á, kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 35 lọ. Gbogbo ègé ṣì ní ìdáhùn tirẹ̀. Ìdúró lásán nìkan la mú kúrò.

Ká wá rán ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ọ̀nà lè dí pa; wọ́n jẹ irú ìyà yẹn ní Amẹ́ríkà lóṣù Kẹwàá ọdún 1986. Láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California tó wà nítòsí rẹ̀, ìwọ̀n 400 yáàdì péré, ìyára já láti 32,000 bíìtì sí 40 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kọ̀ǹpútà ń tún ohun tí wọ́n rò pé ó sọnù rán, àtúnrán náà sì ń di ọ̀nà pa sí i. Van Jacobson ló wá kọ́ ayé lọ́dún 1988 pé kí kọ̀ǹpútà fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa fi kún un, kó sì dín in kù kíákíá bí ègé bá sọnù. Ọgbọ́n yìí ló gba íntánẹ́ẹ̀tì là. Síbẹ̀, níbi tí òpó nẹ́tíwọ̀kì ti jìnnà tí òkè sì dínà, ègé lè sọnù nínú afẹ́fẹ́ láìsí sún kẹẹrẹ kankan, kọ̀ǹpútà á sì máa falẹ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí Google fi gbé ọgbọ́n tuntun tí a ń pè ní BBR jáde lọ́dún 2016: ó ń wọn bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, kì í kàn ka ègé tó sọnù. QUIC, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ mìíràn tó di òfin àgbáyé lọ́dún 2021, orí UDP ló jókòó sí, síbẹ̀ ó ń tún ègé tó sọnù rán. Ìyára àti ìpé ti jọ ń gbélé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára nìkan kò tó. Saltzer, Reed àti Clark ní MIT fi fáìlì ṣe àpẹẹrẹ nínú iṣẹ́ ńlá tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1984. Wọ́n ròyìn ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà tó máa ń pààrọ̀ ipò báìtì méjì nígbà tó bá ń dà wọ́n kọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù báìtì. Àyẹ̀wò ojú ọ̀nà kò rí i. Àwọn tó ni fáìlì tó gba ibẹ̀ kọjá ní láti fi ojú ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fi í wé ìwé àtijọ́. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ẹni tó rán àti ẹni tó gbà nìkan ló lè jẹ́rìí pé iṣẹ́ parí.

Àwa náà rí ẹ̀kọ́ yìí nílé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, tí a dìbò ààrẹ àti ti ilé aṣòfin, Nàìjíríà ní ibùdó ìdìbò 176,846, àjọ elétò ìdìbò INEC sì ṣètò pé kí a fi ẹ̀rọ BVAS ya fọ́tò ìwé èsì, kí a sì fi ránṣẹ́ sí ojúlé IReV. Èsì ìdìbò ààrẹ kò wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ti ilé aṣòfin sì ń wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì. Ìròyìn INEC fúnra rẹ̀ sọ pé ìṣètò sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba èsì, ló ní àléébù: kò mọ ibi tí yóò to èsì ààrẹ sí, nítorí gbogbo orílẹ̀-èdè ni ẹkùn ìdìbò rẹ̀. Ẹ̀rọ BVAS lè pa fọ́tò mọ́ títí nẹ́tíwọ̀kì yóò fi dé; ibi tí a ń gbé e lọ ni kò ṣílẹ̀kùn. Ẹ kò gbọdọ̀ máa wo ojú ọ̀nà nìkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má pa fáìlì rẹ́ lórí fóònù yín kí ẹni tó gbà á tó sọ pé ó ṣí i, ó sì pé. Bí iṣẹ́ bá ṣe pàtàkì, ẹ fi àmì SHA-256, tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tìhín wé ti tọ̀hún: bí báìtì kan ṣoṣo bá yí, àmì náà á yàtọ̀. Ẹ lo rsync tàbí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè máa bá iṣẹ́ lọ níbi tó já sí. Ẹ̀yin alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Èrò ní Kwara, bí ẹ bá fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á pé: bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ láàárín iṣẹ́, níbo ni fáìlì wa á wà, ta ni yóò sì jẹ́rìí pé ó dé? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má san owó ìlú fún un.